Ohun tí ojú wa rí nínú yàrá ìfidánrawò: ìrírí àwa nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn

Olùkọ́ nọ́ọ̀sì, Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa yàrá ìfidánrawò, níbi tí a ti ń fi ọmọlangidi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti rí ọmọlangidi olówó ńlá rà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìjókòó tí a máa ń jókòó lẹ́yìn ìfidánrawò, tí kálukú á sọ ohun tó ṣe àti ìdí tó fi ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbí la fẹ́ kọ́ lọ́jọ́ náà. A ní ẹ̀rọ kan tó rí bí ikùn aboyún, tí èèyàn máa ń dè mọ́ra. Ọmọ wà nínú rẹ̀, ibi ọmọ wà níbẹ̀, àpò ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀, ẹni tó dè é ló sì ń fọwọ́ darí gbogbo rẹ̀: ó lè jẹ́ kí ilé ọmọ le, ó lè jẹ́ kó dẹ̀, ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn. Zobo tí a sè láàárọ̀ la dà sínú àpò náà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ọmọ Òjé, la ní kó ṣe abiyamọ. Òmíràn ṣe ìyá ọkọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì.

Ọmọ jáde, ibi náà jáde. Mo ṣẹ́jú sí ọmọ Òjé, ó tú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ọwọ́ àwọn ọmọ náà yá, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Ọ̀kan ti gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń fọwọ́ ra ilé ọmọ kó lè sún kì. Ìkejì fa oxytocin, oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, sínú abẹ́rẹ́, ó pe iye rẹ̀ sókè kí gbogbo wa gbọ́. Ìkẹta so okùn mọ́ apá, ó ń wá iṣan tí yóò fi omi sí. Wọn ò gbàgbé tranexamic acid, oògùn tó ń bá ẹ̀jẹ̀ dá. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ọmọ Òjé ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì: "Ẹ jọ̀ọ́, òòyì ń kọ́ mi. Òùngbẹ ń gbẹ mí." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìyá ọkọ yọjú: "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, kí ló ń ṣe ìyàwó wa?" Ẹni tó ń wá iṣan ò tilẹ̀ yíjú sí i. "Màmá, ẹ jáde!" ló sọ.

Nígbà tí a jókòó yípo, mi ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Abiyamọ ni mo kọ́kọ́ bi. Ó ní, "Ma, mo sọ ọ́ títí pé òòyì ń kọ́ mi, ẹnikẹ́ni ò wo ojú mi. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé zobo ni." Èyí tó ń ra ilé ọmọ ní òun gbọ́ ọ, òun rò pé ara eré náà ni. Mo wá bi gbogbo wọn pé: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, tó ní òòyì ń kọ́ òun, tó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, kí ló ń sọ fún yín? Gbogbo wọn dákẹ́ lọ. Ọ̀kan wá dáhùn wẹ́rẹ́ pé ó ń sọ fún àwọn pé ẹ̀jẹ̀ tó kù lára òun ò tó mọ́.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn wà lára àmì àìsàn. Wọn ò wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọn ò wọn ìfúnpá, nítorí pé wọn ò fetí sí ẹni tó ń sọ fún wọn pé àsìkò ti tó láti wọ̀n ọ́n. Ká ní mo ti ń bá wọn wí látìgbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni, ìbẹ̀rù ni wọ́n ì bá kó lọ sílé.

A tún un ṣe. Èyí tó lé ìyá ọkọ jáde ni mo wá fi ṣe ìyá ọkọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kan dúró síbi orí abiyamọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìka rẹ̀ wà lórí iṣan tó ń lù: "Ìyá ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ń ya ju bó ṣe yẹ lọ, a ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má sùn, ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀." Ó tún kọjú sẹ́nu ọ̀nà: "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá wa dúró níta díẹ̀, ẹ pe ọkọ wọn kó máa bọ̀, a lè nílò ẹni tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀." Gbólóhùn méjì péré ni, ìyá ọkọ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré la ń ṣe. Lọ́dún 2023, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí E-MOTIVE jáde. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọ́n ti ṣe é, Nàìjíríà wà nínú wọn, pẹ̀lú Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti South Africa. Wọ́n fi ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ abiyamọ kí wọ́n lè tètè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ya, wọ́n sì kọ́ àwọn agbẹ̀bí láti ṣe gbogbo ìtọ́jú náà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe kí wọ́n ṣe ọ̀kan kí wọ́n dúró wò ó. Ìfidánrawò wà lára bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, nínú ilé ìwòsàn tiwọn gan-an. Ẹ̀jẹ̀ yíya tó le koko, iṣẹ́ abẹ tàbí ikú tó tìdí rẹ̀ wá dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ìyá ọmọ ló wà nínú ìdá yẹn.

Ó kù sọ́wọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì-agbẹ̀bí, Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Èmi ò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ní ti èmi.

Ọmọ tí kò ké ni. Òru ni, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì la fi ń ríran. Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó rọ jọwọrọ. Mo nù ún gbẹ, mo ra ẹ̀yìn rẹ̀, kò ké. Àwa tí wọ́n kọ́ ní Helping Babies Breathe, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí, mọ̀ pé láàárín ìṣẹ́jú kan tí ọmọ délé ayé, yálà kó máa mí fúnra rẹ̀ tàbí kí a ti máa fi báàgì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo gé ìwọ́, mo gbé e sórí tábìlì, mo fi báàgì bò ó nímú àti lẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́. Àyà rẹ̀ ò gbé.

Nílé ẹ̀kọ́, ọmọlangidi tí a fi ń kọ́ èyí, omi ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kó lè wúwo bí ọmọ gidi. Bí o kò bá gbé orí rẹ̀ sí ipò tó yẹ, o lè tẹ báàgì títí di alẹ́, àyà náà ò ní gbé. Bí o bá tẹ orí sẹ́yìn jù, kò ní gbé. Bí àgbọ̀n bá rọ̀ sáyà, kò ní gbé. Olùkọ́ wa kì í sọ fún wa. Á dúró, á ká ọwọ́ lẹ́yìn, á máa wò wá. Àyà á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tán ni yóò tó béèrè pé, "Kí lo yí padà?" A gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara wa sọ ọ́.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbọ́ nínú ara mi lóru ọjọ́ náà. Mo tún orí ọmọ gbé, imú rẹ̀ kọjú sókè gan-an, mo tún báàgì fi bò ó kí atẹ́gùn má baà máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tí àyà kékeré yẹn gbé sókè. Mo ń bá a lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo ń kà á lẹ́nu, kó tó di pé ọmọ fúnra rẹ̀ fà á símú, ó sì ké. Ìyá-ìyá rẹ̀ tó wà níta bú sẹ́kún, ó ń kí Ọlọ́run, ó ń pe oríkì ọmọ kó tó mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo.

Ọmọ yẹn ti ń rìn báyìí. Ìyá rẹ̀ máa ń gbé e wá kí mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin, ọdún kẹta

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí èmi ọmọ yín sọ apá kejì rẹ̀.

Ọmọlangidi lè tan èèyàn. Apá rọ́bà tí a fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kánúlà (rọ́bà tinrín tí omi ń gbà wọ ara) sí iṣan, wọ́n ti gún un títí ojú abẹ́rẹ́ fi hàn lórí awọ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ibi tí a ó gún. Gbogbo wa la yege. Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni wọ́n ní kí n fi omi sí lára, nọ́ọ̀sì àgbà dúró tì mí. Iṣan rẹ̀ hàn gbangba lábẹ́ awọ, ó tóbi, inú mi dùn. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kàn án báyìí, ó yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, rọra. Awọ ara mi ti gbó." Nọ́ọ̀sì àgbà ló gbà á lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa pé iṣan arúgbó máa ń sá.

Nǹkan mìíràn tó ń dùn mí, n kò ní dárúkọ ibikíbi. Àwọn ọmọlangidi tó dára wà, ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ni wọ́n wà, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí ó má baà bàjẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ba rọ́bà jẹ́ sàn ju kó ṣe ẹni ẹlẹ́ni léṣe lọ. Ẹ bá wa bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Bódìjà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.

Yàrá dẹ́mọ́ là ń pè é nígbà tiwa. Ọsàn la fi ń kọ́ abẹ́rẹ́ gígún. Ohun tí kò sí ọmọlangidi fún, ara wa la fi ń ṣe. Èmi á dùbúlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi á wẹ̀ mí lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi náà á tún wẹ òun. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n ní ká fi ṣíbí bọ́ ara wa ní ògì lórí ìdùbúlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń kánjú, kò dúró kí n gbé ti ẹnu mi mì kó tó gbé òmíràn wá, ògì náà ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi lọ sí ọrùn. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè fara mọ́ nọ́ọ̀sì tó bá ń bọ́ aláìsàn ní ìdúró. Mo máa ń ní, "Wá àga, kí o jókòó."

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1911 ni ilé ìwòsàn kan ní Hartford, ní Amẹ́ríkà, gba ọmọlangidi ńlá tí wọ́n sọ ní Mrs. Chase, láti fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Obìnrin tó ń ṣe ọmọlangidi fún àwọn ọmọdé ló ṣe é. Ní 1960, Asmund Laerdal ará Norway, òun náà oníṣẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé, ṣe Resusci Anne tí ẹ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà. Níbí yìí, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì n'Ìbàdàn, ṣí ilẹ̀kùn ní 1957, Kofoworola Abeni Pratt ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe mètírọ̀nì, ìyẹn olórí àwọn nọ́ọ̀sì, níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965. Ẹ kò bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ òfìfo.

Olùkọ́ Òkè-Àdó, mo gbádùn ohun tí ẹ ṣe. Pé ẹ kọ́kọ́ bi abiyamọ kí ẹ tó bi nọ́ọ̀sì, ó wù mí gan-an. Nígbà tiwa, olùkọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ nọ́ọ̀sì, Òkè-Àdó

Ẹ ṣé gan-an ni, ìyá wa. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Àbúrò mi ọkùnrin, òótọ́ lo sọ. Ohun tí a ń ṣe nípa apá rọ́bà nìyí: a máa ń fi rọ́bà dírípù tinrín tí a ti lò tán, tó mọ́, sábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ lórí fóòmù, a kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó lè máa yí bí iṣan arúgbó. A ń pààrọ̀ aṣọ náà kí ojú abẹ́rẹ́ má baà hàn. Kò náni ní nǹkan kan tó pọ̀. Ní ti kọ́kọ́rọ́, èmi náà yóò gbé e dé ìpàdé àwa olùkọ́.

Bí o bá tún bá irú bàbá yẹn pàdé: má wo iṣan tó tóbi jù, èyí tó dúró déédéé ni kí o wá. Kánúlà kékeré ni kí o mú, nọ́ńbà 22 tàbí 24. Má fún okùn le jù, iṣan wọn tètè ń bẹ́. Fi àtàǹpàkò òsì rẹ fa awọ ara wálẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí o fẹ́ gún, kó le dáadáa, má sì tú u sílẹ̀ títí tí o ó fi rí ẹ̀jẹ̀ nínú kánúlà. Kí o gbé abẹ́rẹ́ náà sùn, má gbé e dúró. Kí o sì sọ fún bàbá kí o tó gún wọn.