Gìtá oníná olókùn méjìlá: Rickenbacker gan-an àti àwọn tí wọ́n ṣe jọ ọ́

Ìbéèrè, láti Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Ìjọ wa fẹ́ ra gìtá oníná olókùn méjìlá, wọ́n sì gbé ọ̀kan wá láti Kútọnu tí ó jọ Rickenbacker 360/12, irú gìtá kan láti ilé-iṣẹ́ Rickenbacker ní Amẹ́ríkà, bí ìbejì. Kí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ yàtọ̀ sí owó?

Ìdáhùn, láti Kétu
Ẹ kọ́kọ́ wo orí rẹ̀. Lórí Rickenbacker, kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà tí a fi ń yí okùn le yọ sí ẹ̀gbẹ́, mẹ́fà yòókù sì kọjú sẹ́yìn, kí orí má baà gùn jù. Ọ̀pọ̀ aláfijọ a máa to gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, orí á sì wúwo débi pé ọrùn á máa fà wálẹ̀. Èyí tí ó jẹ mí lógún jù ni ètò okùn. Méjì-méjì ni okùn gìtá yìí wà. Nínú àwọn méjì-méjì ti ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀kan nípọn, èkejì tínrín; Rickenbacker fi èyí tí ó nípọn ṣáájú, tí ó fi jẹ́ pé òun ni píìkì (ike kékeré tí a fi ń ta okùn) kọ́kọ́ kàn bí ọwọ́ bá ń lọ sílẹ̀, nígbà tí àwọn mìíràn sábà máa ń fi tínrín ṣáájú. Ara ohun tí ó mú kí ohùn gìtá George Harrison, onígìtá ẹgbẹ́ Beatles, dá yàtọ̀ ní 1964 nìyẹn.

Ìdáhùn, láti Ṣábẹ̀ẹ́
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọrùn Rickenbacker tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, nítorí náà aláfijọ tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ lè dẹrùn fún oníka ńlá. Ẹ tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní fret kejìlá (fret ni àwọn irin tín-tìn-tín tó dábùú ọrùn gìtá). Bí ohùn ibẹ̀ kò bá bá ti okùn tí a kò tẹ̀ mu, ní òktéfù kan sókè (ohùn kan náà, ṣùgbọ́n tí ó ga sí i), tí kò sì ṣeé tún ṣe, ẹ má rà á.