Kí ni kí a pe bakitéríà tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé?

Ẹ̀gbọ́n wa tí ó dábàá pé kí a máa pe bakitéríà Escherichia coli (E. coli) ní "kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru" ṣe ohun tí ó yẹ kí a dúpẹ́ fún, nítorí orúkọ náà rọrùn lẹ́nu, abiyamọ yóò sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí ó yé e. Síbẹ̀, n kò lè fara mọ́ ọn. Nígbà tí Theodor Escherich, dókítà àwọn ọmọdé, ṣàpèjúwe kòkòrò yìí ní 1885, inú ìgbẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ tí ara wọn dá ni ó ti rí i, títí di òní ni ó sì ń gbé inú ìfun wa láìṣe wá ní ibi. Bí a bá fi ìgbẹ́ gbuuru sọ ọ́ lórúkọ, a jẹ́ pé a ti pe aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lólè.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí ń pa ọmọ. Ní 1945, dókítà John Bray fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀yà kan wọ́pọ̀ nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ tí ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tí ó sì ṣọ̀wọ́n lára àwọn tí ara wọn le. Lórí àwo tí wọ́n ti ń mú kòkòrò hù ní yàrá àyẹ̀wò, àti èyí tí ń pani àti èyí tí kò lè pa eṣinṣin, pupa rẹ́súrẹ́sú kan náà ni wọ́n sábà máa ń yọ. Àfi ìgbà tí a bá ṣe àyẹ̀wò mìíràn, bíi kí a kán omi inú ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ ẹ̀yà kan ṣoṣo sí i, kí ẹ̀yà náà sì ṣù pọ̀ bíi wàrà tí ó dì, ni a tó mọ èwo ni èwo. Ìdí nìyí tí "ìdámọ̀" fi bá iṣẹ́ yìí mu ju "ìṣàwárí" tí ẹ̀gbọ́n lò lọ: ohun tí a kò rí rí ni à ń ṣàwárí, ohun tí ó fara jọ òmíràn ni à ń dá mọ̀.

"Ìgbẹ́ ọ̀rìn" àti "onígbáméjì" kò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí àìsàn ni wọ́n ń dárúkọ, kì í ṣe kòkòrò. "Àjàkálẹ̀" pàápàá tóbi jù fún àrùn tí ó ṣẹlẹ̀ ní yàrá ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo. Yorùbá a máa sọ pé àrùn bẹ́ sílẹ̀, "ìbẹ́sílẹ̀" sì tó.

Àbá tèmi ni "ẹ̀yà afàrùn". Mo mọ̀ pé "ẹ̀yà" ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n "irú" kò ṣe pàtó tó. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Nínú ìbẹ́sílẹ̀ yìí, ẹ̀yà afàrùn E. coli kan náà ni a dá mọ̀ nínú ìgbẹ́ ọmọ mẹ́fà." Ta ni yóò ṣi í gbọ́?