«Ihò dúdú» kọ́: ta ni a ń dínà mọ́ gan-an?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Nínú àtòjọ ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a ń kó jọ ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbarà dábàá pé kí a pe blackhole, ìyẹn dída gbogbo dátà tó jẹ mọ́ àdírẹ́sì kan nù lójú ọ̀nà, ní «ihò dúdú», kí a sì pe gbogbo iṣẹ́ náà ní «ìdènà akọluni». Kí wọ́n má bínú sí mi: méjèèjì ò bá ohun tí à ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ mu níbí, ní Òkè-Ìlèwó, Abẹ́òkúta. Bí ìyá mi bá gbọ́ «ihò dúdú», kànga ni wọn yóò rò. Ọwọ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ sì ni àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn ti yá ọ̀rọ̀ yẹn. Kí la tún ń yá ohun tí wọ́n yá sí?

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà. BGP (Border Gateway Protocol) ni àwọn ráútà ńlá, ẹ̀rọ tó ń darí dátà láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fi ń kéde fún ara wọn pé, «àdírẹ́sì báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ gbà lọ síbẹ̀.» Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà bá ya bo sáfà (server) kan ṣoṣo, ẹni tó ni ín á kéde àdírẹ́sì kan yẹn nìkan, bíi 192.0.2.10/32, á sì lẹ àmì 65535:666 mọ́ ọn. Látọdún 2016 ni RFC 7999, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ti sọ àmì yìí di ti gbogbo ayé. Bí ráútà ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un bá ti rí i, gbogbo ohun tó bá ń lọ sí àdírẹ́sì náà ni yóò dà nù, láìfèsì fún ẹnikẹ́ni.

Ta wá ni a dínà mọ́ níbẹ̀? Ẹni tí wọ́n ń kọlù ni! Sáfà rẹ̀ ti kúrò lórí afẹ́fẹ́, bí ọ̀tá ṣe fẹ́ ẹ gan-an. Àwọn tó bá a pín wáyà lò ló rí ìsinmi. Kí a pe ìyẹn ní «ìdènà akọluni», irọ́ la pa fún ọmọléèwé tó máa kà á.

Àbá tèmi ni «ọ̀nà àlọ-rámirámi». Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: àlọ rámirámi là ń rí, a kì í rí àbọ̀ rámirámi. Dátà lọ, kò padà, kò sẹ́ni tó bi í.

«Ìdènà» ní ààyè tirẹ̀ o. RFC 5635 (2009) ṣàlàyé bí a ṣe lè kéde àdírẹ́sì ọ̀tá fúnra rẹ̀, kí ráútà máa wo ibi tí dátà ti ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àlọ-rámirámi ni ọ̀nà tó padà síbẹ̀, kò ní jẹ́ kó wọlé. Èyí ni a lè so mọ́ fail2ban, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gbìyànjú pásíwọ́ọ̀dù lọ́nà ẹ̀bùrú, kí ExaBGP, ètò mìíràn tó ń sọ èdè BGP, gbé ìkéde jáde láìjẹ́ pé èèyàn fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó léwu: ọ̀pọ̀ oníbàárà ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń lo àdírẹ́sì kan náà pọ̀, o lè lé ọ̀tá kan kí o sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àdúgbò. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí «fún ìgbà díẹ̀» wà nínú ìtumọ̀ tí a máa kọ.

Mo fara mọ́ «ìkéde» fún announcement pátápátá, nítorí ìkéde kì í mọ odi. Ní oṣù kejì 2008, Pakistan Telecom fẹ́ ti YouTube pa nílé tiwọn, ìkéde tí wọ́n ṣe fún àwọn àdírẹ́sì YouTube, 208.65.153.0/24, jò síta, YouTube sì dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí méjì ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé. Mo tún fara mọ́ «oníbodè» tí ẹnì kan dábàá fún ráútà etí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bodè wà nínú orúkọ BGP fúnra rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá kankan ò sì nílò àlàyé ohun tí oníbodè ń ṣe.

Ọ̀kan ló kù: kí la ń pe withdraw, nígbà tí a bá mú ìkéde kúrò? «Fà sẹ́yìn» ò wọ̀ mí létí. «A ti ká a kúrò nílẹ̀» la máa ń sọ níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ní èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ránṣẹ́ kí a tó ti àtòjọ náà.