Bàbá mi ní iṣẹ́ dókítà, físíò ló wà lọ́kàn mi

Ọmọ Alákàrà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Fọ́ọ̀mù JAMB ti jáde, bàbá mi sì ti fàáké kọ́rí pé iṣẹ́ dókítà ni kí n kọ sí i. Físíò ni èmi fẹ́, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìdárayá ran aláìsàn lọ́wọ́ kí ara wọn lè padà máa ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ṣé kí àwọn rán mi lọ sí yunifásítì, kí n wá máa wọ́ èèyàn lára?

Ní ọdún 3 sẹ́yìn, rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá tó bí ìyá mi. Àkàrà ni wọ́n fi tọ́ gbogbo ọmọ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún kú pátápátá. Àǹtí físíò kan ń wá sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Òun ló kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ fa ọwọ́ yẹn mọ́ bí a bá ń gbé màmá dìde, torí èjìká tí iṣan rẹ̀ ti dẹ̀ lè yẹ̀. Èmi gan-an ni mo máa ń fà á. Ó dùn mí.

Nígbà tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í mira, àǹtí ki ọwọ́ òsì bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí ti ọ̀tún lè ṣiṣẹ́ tipátipá. Ó gbé bọ́ọ̀lù kékeré fún wọn pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, màmá kọ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé. Ló bá bu ẹ̀wà tí a rẹ sómi sínú abọ́, ó ní kí wọ́n máa bó o. Mo ń kà á: horo 7 péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òógùn bò wọ́n. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, wọ́n ti ń bó abọ́ kan tán kí n tó ti ilé ìwé dé.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá mi?

Físíò Ìbàdàn:
Ọmọ mi, ìwọ ti rí ìdí iṣẹ́ yìí. Bí ọwọ́ bá ń ṣe ohun kan náà léraléra ni ọpọlọ fi ń wá ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀. Sọ fún bàbá pé láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní físíò. Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì tí wọ́n ń béèrè fún dókítà ni wọ́n ń béèrè fún wa. Lẹ́yìn yunifásítì, wàá tún fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ẹ́. Ẹ̀yìn máa ń ro wá. Èyí tó burú jù ni pé wàá rí ẹni tó ti ń rìn bọ̀, owó á tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì ní padà wá mọ́.

Ìyá Ìbejì:
Má bá bàbá rẹ jiyàn rárá. Ṣebí àna wọn ni màmá? Ní kí màmá bá wọn sọ ọ́.

Ọmọ Alákàrà:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti sọ fún màmá. Wọ́n ní kí n rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ lálẹ́ Friday, àwọn fúnra wọn ló máa bó o níṣojú bàbá mi.