Telecaster àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe látòkè délẹ̀: ṣé kí n rà á?

Ẹ̀yin onígìtá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni tó ń ta gìtá oníná Fender Telecaster kan fún mi sọ pé ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà ẹ̀yìn póòtù ohùn rẹ̀ (ohun tí a fi ń yí ohùn sókè sódò), 1377225, bá a mu: 137 ni CTS tó ṣe póòtù náà, 72 ni ọdún 1972, 25 ni ọ̀sẹ̀ 25. Àmọ́ póòtù ṣeé tú sínú gìtá mìíràn! Wọ́n ti kùn ún lọ́dà tuntun, wọ́n gbẹ́ igi rẹ̀ kí humbucker (irú pickup kan, ohun tó ń gba ìró okùn) lè wọ̀ ọ́, wọ́n tún pààrọ̀ fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ọrùn gìtá). Ká sòótọ́, ó rọrùn lọ́wọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe hùùù. Tí mo bá fọwọ́ kan okùn, á dín kù. Ṣé bí mo bá lẹ bébà kọ́pà sínú ihò yẹn, á dákẹ́? Níbo ni kí n ti wá ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀, ṣé ìdí ọrùn rẹ̀ ni?