Ṣé kí àbúrò mi fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ rédíò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín ni a wà. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní SS2, kíláàsì sáyẹ́ǹsì, àmọ́ iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló gbà á lọ́kàn. Kì í ṣe ìròyìn kíkà o. Bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gé fídíò tí wọ́n sì ń tò ó pọ̀, ìyẹn gan-an ló fẹ́ràn. Fóònù ló fi ń ṣe é, ó sì mọ́ ọn lọ́wọ́ dáadáa.

Olùkọ́ kan ní kó bọ́ sí kíláàsì áàtì, kó lè ka Mass Communication. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ nílò físíìsì, ọ̀nà ẹnjiníà sì nìyẹn. LAUTECH tó wà nílùú wa ń kọ́ni ní ẹnjiníà iná àti ti kọ̀ǹpútà. JAMB tiwọn sì rèé: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́místìrì. Bó bá kúrò ní sáyẹ́ǹsì, ilẹ̀kùn yẹn tì nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé rédíò, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà wo lẹ gbà wọlé? Ṣé wọ́n máa ń gba ọmọ sẹ́kọ́ńdírì láyè láti wá kọ́ṣẹ́ nígbà ọlidé? Ìyá wa fẹ́ mọ̀ kí táàmù tuntun tó wọlé.