Ọwọ́ ni ìyá mi ń fà, kí ló mú kí ẹsẹ̀ wọn ta?

Télọ̀_Òṣogbo:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìyá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ. Láti bí oṣù méjì ni wọ́n ti ń ní ẹsẹ̀ àwọn ń kú tipiri, bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ fisiotẹ́rápì. Obìnrin náà ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì gíga, kí ẹsẹ̀ wọn máa rọ̀ dirodiro. Ó mú òòlù kékeré onírọ́bà, ó gbá wọn nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹsẹ̀ ò mì. Ó tún un gbá, kò sí nǹkan kan. Àyà mi já. Ó wá ní kí wọ́n fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ti òsì, kí wọ́n máa fà á bí ẹni fẹ́ já okùn. Bí wọ́n ṣe ń fà á ló gbá ibẹ̀ yẹn náà, ni ẹsẹ̀ bá fò sókè! Ìyá mi fúnra wọn pariwo “Yéè!”

Òòlù kan náà, ojú ibi kan náà. Ọwọ́ ni wọ́n ń fà, kí ló kan ẹsẹ̀?

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Èmi rò pé torí ọkàn wọn kúrò níbẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ gún ọmọ mi lábẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì á ní kó wo ojú fèrèsé. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ òòlù, ara rẹ̀ á le.

Fisio_Ìbàdàn:
Ìyá Ìbejì, ẹ ò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń lo òòlù yẹn.

Bí òòlù bá ba ibẹ̀, iṣan iwájú itan á gùn díẹ̀ ṣíún. Inú iṣan yẹn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tín-ín-rín kan wà tó ń ṣọ́ bó ṣe gùn tó. Wọ́n fún lórí méjèèjì, wọ́n wú láàárín bí ìrànwú, ìyẹn ni wọ́n fi ń jẹ́ muscle spindle. Kíá ni wọ́n á ránṣẹ́ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, sọ́dọ̀ motor neuron, sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ fún iṣan. Kò sí alárinà láàárín wọn. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí 1,000. Nǹkan bí 20 nínú rẹ̀ ti tó kí àṣẹ padà dé itan.

Àmọ́ motor neuron kì í dáhùn bákan náà nígbà gbogbo. Ẹ wo dáńfó ní gáréèjì. Èyí tó ṣófo, bí èrò kan bá wọ̀ ọ́, kò ní kúrò. Èyí tó ku ẹyọ èrò kan, bí onítọ̀hún bá ti gbẹ́sẹ̀ lé e, ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tí Màmá jókòó jẹ́ẹ́, ọkọ̀ ẹsẹ̀ wọn ṣófo, iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rán ò sì tó kún un, torí ìtọ̀ ṣúgà máa ń ba nẹ́ẹ̀fù tó ń gbé e jẹ́. Ìgbà tí wọ́n fa ọwọ́, agbára yẹn ràn dé ọ̀pá ẹ̀yìn nísàlẹ̀, èrò ti ń wọkọ̀ kí òòlù tó dé. Ernő Jendrassik, dókítà kan ní Hungary, ló ṣàlàyé ọgbọ́n yìí ní 1885, orúkọ rẹ̀ la ṣì fi ń pè é.

Kì í ṣe pé ẹ̀ṣọ́ inú iṣan ló lajú sí i. A lè fi iná mànàmáná díẹ̀ ta nẹ́ẹ̀fù ẹ̀yìn orúnkún láìkan ẹ̀ṣọ́ kankan, bí Paul Hoffmann ti ṣe ní Jámánì ní 1910. Bí ẹni náà bá ń fa ọwọ́, èsì iná yẹn náà á ga sí i.

Télọ̀_Òṣogbo:
Ọ̀rọ̀ dáńfó yẹn yé mi yékéyéké! Bó bá wá jẹ́ iṣan yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Fisio_Ìbàdàn:
Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí ẹ dijú. Omi ń wọ̀ ọ́, apá yín ò já lulẹ̀. Bí ẹrù bá ṣe ń fa iṣan apá gùn ni ẹ̀ṣọ́ ń ké, tí motor neuron ń fi agbára kún un. Ní 1972, Marsden, Merton àti Morton ní London dán irú rẹ̀ wò lára àtàǹpàkò. Bí iṣan bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni èsì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó bí wọ́n bá fà á lójijì.

Motor neuron tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lè yìn bí ìbọn, ìyẹn ni pé kó ránṣẹ́ sí iṣan, bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iṣẹ́ bá bá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, kò ní dáhùn, ó ń sinmi. Bó bá bá èyí tó fẹ́ yìn tẹ́lẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni.

Ṣé wọ́n gbá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ Màmá náà? Ibẹ̀ ni ìtọ̀ ṣúgà sábà máa ń kọ́kọ́ pa.

Télọ̀_Òṣogbo:
Wọ́n gbá a. Tọ̀tún mì díẹ̀. Tòsì ò dáhùn rárá, bí wọ́n tilẹ̀ ń fa ọwọ́. Mo ti ra bàtà tó bo ìka fún wọn, alaalẹ́ ni mò ń fi tọ́ọ̀ṣì wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bóyá nǹkan ti gún wọn. Ọjọ́bọ̀ la ń padà lọ.